Fàtíhà Tí A Kà Lé Ọ̀rọ̀ Ráfíátù Lórí

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Parakou yanṣẹ́ lódì nítorí iṣẹ́ ìwádìí kan péré tí wọ́n tẹ̀ sínú jọ́nà, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ń gbé ìwádìí jáde. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ lónìí máa ń sọ pé àwa la jà tí a sì borí. N kì í fèsì bí wọ́n bá ń yìn mí bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́ yẹn sì ti wá sú mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú. Ráfíátù, ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí fún oyè dókítà lọ́dọ̀ wa, fi àkókò kajú méjì rin oko káàkiri nínú oòrùn, ó ń ka ewé àti òdòdó kajú tí àrùn ti mú. Ó kọ ohun tó rí, ó sì fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí jọ́nà ilé-ẹ̀kọ́ wa jáde, iṣẹ́ Ráfíátù wà níbẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ kan kò yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló wà lókè. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ "Arábìnrin Ráfíátù tó bá wa ka ewé". Inú bí mi débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

A pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní yẹ iṣẹ́ kankan wò fún jọ́nà náà mọ́. Láràárọ̀ la ń jókòó síwájú ọ́fíìsì olóòtú rẹ̀, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun méjì là ń bèèrè: kí jọ́nà tẹ àtúnṣe jáde pé Ráfíátù ló kọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ipa tó kó níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ jáde sí wa lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó sọ sì dá a lójú.

"Lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ ọjà Arzèkè," ó ní, "ọmọṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira, orúkọ ta ni aṣọ tó bá rán ń jẹ́?"

"Orúkọ ọ̀gá ni," mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe télọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Orúkọ yẹn ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá ọmọ yìí tó gboyè."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń rẹ̀ wá. Olóòtú ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn yóò fọwọ́ sí òfin náà, àti pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe tán láti lọ bẹ bàbá Ráfíátù nílé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ó ní. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Mo rò pé àgbàlagbà tó bá ti lè dọ̀bálẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, àtúnṣe yóò sì tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Èmi gan-an ni mo ṣáájú wọn lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la dé ilé Alájì, bàbá Ráfíátù, ní àdúgbò Albarika. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Arzèkè, wọ́n sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ sí ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alájì kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, ó ní ẹni tó kọ́ ọmọ òun níwèé kò lè di ọ̀tá òun. Ààfáà tó bá wa lọ ka fàtíhà, gbogbo wa ṣe àmín, a fọwọ́ pa ojú. Báyìí la ṣe ń parí ìjà láàárín ara wa, ọ̀rọ̀ tí a bá sì ti ka fàtíhà lé lórí, a kì í hú u mọ́. Ráfíátù gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ìfaramọ́. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fọwọ́ sí òfin, a kọrin yí ọgbà ká, èmi ni mo sì ń lé orin.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ráfíátù kó ìwé ìwádìí oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tó ń tú àṣírí ìwé àdàkọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni orí kẹta, níbi tí iṣẹ́ kajú náà wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó fẹ́ yẹ ìwé náà wò ní kó yọ ọ́ kúrò, tàbí kó jẹ́wọ́ ibi tó ti mú un. Mo sáré tọ olóòtú lọ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtúnṣe yẹn wàyí. Ó bi mí léèrè pé:

"Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe ìwọ lo mú wa lọ ka fàtíhà?"

Mo gba ilé Alájì lọ pé kó bá wa bèèrè àtúnṣe náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, mo rí i: aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ló tún ń tú, tó tún ń ká.

"Ẹnu mi yìí ló ṣe àmín, Akọ̀wé," ó ní. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á padà?"

Ni ọmọ rẹ̀ bá jókòó, ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀, láti ojú ìwé dé ojú ìwé: "gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi hàn". Wọ́n fún un lóyè, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tuntun inú iṣẹ́ náà kò pọ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Òfin wa ṣì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣiṣẹ́ lónìí ń rí orúkọ rẹ̀ lókè, inú mi sì ń dùn sí i, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: ẹni tí a tìtorí rẹ̀ jà gan-an ni tèmi bà. Títí di òní, àtúnṣe tí a bèèrè kò tíì jáde. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìdáríjì ọ̀tọ̀, àtúnṣe ọ̀tọ̀. Èmi lú méjèèjì pọ̀, ojú sì ń tì mí.

Lóṣù tó kọjá mo lọ bá Ráfíátù ní àdúgbò Titirou, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí n má dààmú, bàbá òun ti dárí jì wá tipẹ́.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí."