Púlọ́ńbà Tí Ẹja Rẹ̀ Kì Í Mu Omi Ẹ̀rọ

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn lóúnjẹ. Ebi kì í tètè pa ẹja. Àjẹjù ló ń pa wọ́n."

Ohun tí Púlọ́ńbà sọ kẹ́yìn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Inú takisí ló ti sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan di àyà mú, ó fi èkejì tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọkùnrin náà ní, "Mo ti gbọ́, Bọ̀ọ̀dá." Ó rò pé wọ́n á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Takisí lọ. Ilé ìwòsàn gbà á wọlé, kò dá a padà láàyè.

Kò sọ̀rọ̀ irinṣẹ́, kò sọ̀rọ̀ ẹrù. Ẹja ló sọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kò ní ya olúwarẹ̀ lẹ́nu.

Àbúrò ìyá ọmọkùnrin náà ni Púlọ́ńbà í ṣe. Kò bímọ. Yàrá kan ló ń gbé nílé ìyá náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ sú ọmọ náà, tí kò tíì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Púlọ́ńbà ló fi sípánà lé e lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá rèé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó lè dijú so páìpù pọ̀. Ìwé kò yé e tó bẹ́ẹ̀. Omi yé e.

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹja wà, nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Ọpọ́n onírin ni, funfun, irú èyí tí èèyàn ń nà gbalaja sínú rẹ̀. Oníbàárà kan ló ní kí Púlọ́ńbà yọ ọ́ dànù nígbà tó fẹ́ tún ilé ìwẹ̀ ṣe. Àwọn mẹ́rin ló gbé e délé, ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn kò sì nà tán fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Púlọ́ńbà dí ihò rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó na àwọ̀n lé e lórí nítorí ológbò, ó fi ewé òṣíbàtà méjì sínú rẹ̀ kí ẹja lè rí ibòji.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ẹja góòlù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré kiri. Ẹja afẹ́ ni. Ara wọn rí róbótó, ìrù wọn pín sí méjì, wọ́n ń rìn bí ẹni tí kò ní ibì kankan í lọ. Púlọ́ńbà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Onífìlà ní ẹran pupa lórí bí ẹni dé fìlà. Olójú-ńlá dúdú, ojú rẹ̀ yọ síta bí ojú ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó gbọ́. Ìyàwó funfun, ìrù rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e. Àlùbọ́sà ló sanra jù. Èèyàn kì í mọ ibi tí orí rẹ̀ parí sí.

Àwọn aládùúgbò kò yé fi ẹja náà ṣe yẹ̀yẹ́. Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì ni olórí wọn.

"Púlọ́ńbà, ìgbà wo la máa dín wọn?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dín ajá yín."

"Ajá tèmi ń ṣọ́ ilé."

"Tèmi ń ṣọ́ mi."

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹni tó ń fa omi wọ ilé gbogbo èèyàn kì í jẹ́ kí omi ẹ̀rọ kan ẹja tirẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù méjì ló máa ń pọn kún. Á ṣí wọn sílẹ̀ fún oòrùn àti atẹ́gùn, ọjọ́ méjì gbáko, kó tó bù níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní irú èyí dà bí alásè tí kì í jẹ ọbẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀. Púlọ́ńbà kò bínú. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun ní ẹni tó bá da omi sí dúrọ́ọ̀mù lónìí yóò rí ẹja wò lọ́tùnla.

Ó ní ohun tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹja mẹ́fà ló kọ́kọ́ ní. Ó lọ tún páìpù ṣe nílé ńlá kan, àwọn onílé ń kó lọ, wọ́n sì bu ẹja mẹ́fà fún un sínú ọ̀rá. Ó gbé wọn délé bí ẹni gbé ẹyin. Páìpù tó wọ ẹ̀yìnkùlé, òun fúnra rẹ̀ ló rì í, ó mọ gbogbo oríkèé rẹ̀. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Ó ṣí i sínú ọpọ́n, ó da ẹja sí i, ó lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi.

Kò kọ́kọ́ gbà. Púlọ́ńbà wo ló máa gbà pé omi tó ti ọwọ́ òun jáde lè pa nǹkan? Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ilé ńlá náà ló là á yé e. Oògùn tí wọ́n ń fi sómi ẹ̀rọ kí èèyàn má baà ṣàìsàn, òun náà ló ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. "Bù ú sílẹ̀ kó sinmi," ni bàbá náà wí. "Kó o gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ṣì ń rùn bí ilé ìwòsàn, kò tíì tó."

Púlọ́ńbà wá ra mẹ́rin mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún méjìlá, omi rẹ̀ kò pa ẹja mọ́.

Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Á dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, á jókòó lé e. Á wọ́n oúnjẹ díẹ̀ sómi, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Èyí tí wọn ò bá jẹ tán kó tó tú bàtà méjèèjì, á kó o kúrò. "Ikùn wọn ò ju ojú wọn lọ," ló máa ń wí, "àfi ti Olójú-ńlá, ojú ẹ̀ ju ikùn ẹ̀ lọ." Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Á máa wo bó ṣe ń ṣe é.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Láti ọjọ́ náà lèrò ti ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yàrá kéré, èrò ń ṣàn dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀ kì í mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n á dúró ti ọpọ́n, wọ́n á mi orí. "Ẹja ẹ̀ rèé. Ebi á ti máa pa wọ́n." Wọ́n á gé búrẹ́dì sí i. Àwọn púlọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀ gé sí i. Àwọn oníbàárà télọ̀ gé sí i. Onígbàjámọ̀ fọ́ bisikíìtì odindi páálí kan. Ẹja ń wá sókè, wọ́n ń la ẹnu. Ìyẹn ń mú omijé wá sójú àwọn èèyàn, wọ́n sì tún ń gé sí i.

Ọmọkùnrin náà ń wò wọ́n. Ó rántí ohun tí Púlọ́ńbà sọ fún un. Ṣùgbọ́n ṣé yóò di àgbàlagbà tó ń sunkún mú lọ́wọ́ ni? Ó wolẹ̀. Ó ní òun á sọ lọ́la. Ọ̀la dé, kò sọ.

Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, omi ti funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ó ti ń kan. Ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú omi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń padé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní oúnjẹ ni wọ́n ń tọrọ. Ọmọkùnrin náà mọ̀. Èémí ni wọn ò rí.

Ìyá rẹ̀ jáde, ó rí ọpọ́n. Ó fa rọ́bà omi dé ibẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i."

"Omi bàjẹ́, o ní kí n má ṣí i."

"Ti inú rọ́bà yẹn á pa wọ́n kẹ́ ẹ tó padà dé ìdí máṣíìnì."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe báyìí? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń kú lọ náà ni?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kú báyìí. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

Ìyá rẹ̀ fi rọ́bà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú láti ọ̀sẹ̀ náà wá. "Gbọ́ mi. Mi ò lè jókòó kí n máa wo nǹkan tí àbúrò mi fẹ́ràn kó máa kú níkọ̀ọ̀kan lójú mi. Mi ò ní agbára ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun á gbé wọn. Ó ní gíláàsì ẹja kan ní ṣọ́ọ̀bù."

"Gíláàsì yẹn kéré. Wọn ò ní lo oṣù kan níbẹ̀."

"Sátidé ló ń bọ̀. Tí wọ́n bá ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí ní Sátidé, á gbé wọn lọ. Mo ti sọ tèmi."

Ó wọlé. Ọmọkùnrin náà wo inú dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀kan ṣófo. Èkejì kò ju ìdajì lọ, nítorí láti ọjọ́ ikú kò sẹ́ni tó pọn sí i. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn náà. Ó gbé ẹ̀bi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa dúró dè é. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ó ṣan ọwọ́, kò fi ọṣẹ kàn án. Ó fi àwọ̀n kékeré kó búrẹ́dì tó léfòó. Ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ki orí kan bọ ìsàlẹ̀ ọpọ́n, ó fi ẹnu fa orí kejì kí omi lè máa wá. Omi kíkan já wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó tu ú dànù. Púlọ́ńbà máa ń ní ẹni tí kò bá tíì mu omi ẹja kò tíì ní ẹja. Ìdọ̀tí ń bọ̀, ó ki bí àtè. Kò fa omi kúrò ju ìwọ̀n èyí tó ní láti fi rọ́pò. Lẹ́yìn náà ó bu ti inú dúrọ́ọ̀mù, ó ń rọ ọ́ láti òkè kó lè máa ta, kí atẹ́gùn lè bá a wọlé.

Ó wá pọn dúrọ́ọ̀mù méjèèjì kún láti ẹnu ẹ̀rọ. Kò ní sùúrù láti kàn wò ó níran. Ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ó ń da omi láti inú ọ̀kan sí èkejì, kí oògùn lè tètè fò kúrò. Ó dà á títí èjìká fi ń ro ó.

Onígbàjámọ̀ ń kọjá, ó dúró. "Ṣé o ti ń ta omi ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Mò ń kọ́ omi níwà ni."

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ó gbóòórùn dúrọ́ọ̀mù. Ilé ìwòsàn ló ń rùn. Kò fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àlùbọ́sà dojú ikùn kọ òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ti kú. Ọmọkùnrin náà gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sin ín. Kò fi pa mọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí máṣíìnì.

"Àlùbọ́sà ti lọ, Màámi."

Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. "Ó ku mélòó?"

"Mẹ́ta."

"O sì ń ṣe é lọ?"

"Mò ń ṣe é lọ. Omi òní ti tó."

Òótọ́ ni, ó ti tó. Kò ní òórùn kankan mọ́. Ó fa ìdámẹ́rin omi ọpọ́n jáde, ó fi èyí tó ti sinmi rọ́pò. Bó ṣe ń dà á ni ìyá àgbàlagbà kan, oníbàárà ilé, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń já a.

Ọmọkùnrin náà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó lọ pàdé rẹ̀. "Ẹ kú ìyọ́nú, ìyá. Wọn ò ní jẹun lónìí."

"Àánú wọn ló ṣe mí. Wọ́n ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

"Ìnira inú ló ń ṣe wọ́n. Búrẹ́dì ló dá a sílẹ̀. Ẹ jókòó, ká jọ máa wò wọ́n."

Ìyá náà wò ó bí ẹni fẹ́ bínú. Ó wo ẹja. Ó jókòó. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì náà fúnra rẹ̀. "Dúdú yẹn ti lọ sísàlẹ̀," ló wí.

Olójú-ńlá ni. Òun ló kọ́kọ́ kúrò lójú omi.

Onígbàjámọ̀ dé láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèrí. Ó ti wọ aṣọ ìjáde. Ìyá ọmọkùnrin náà jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó bojú wo inú ọpọ́n. Kò rí ẹja kankan lójú omi.

"Wọ́n dà? Ṣé wọ́n ti kú tán ni?"

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, Màámi. Ẹja tó bá rí èémí kì í jókòó sójú omi. Ẹ wo abẹ́ ewé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Onífìlà ń fi ẹnu túlẹ̀ ọpọ́n, ó ń tu ohun tí kò wù ú dànù. Ìyàwó wà lẹ́yìn rẹ̀. Olójú-ńlá ń já ewé omi tó hù sára irin. Ìyá wò wọ́n pẹ́.

Onígbàjámọ̀ wúkọ́. "Gíláàsì mi ti mọ́ o. Mo ti kó òkúta aláràbarà sí i."

"Ẹja kan, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ọ̀gá. Gíláàsì yín ò gba kẹ́ẹ̀gì kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí ìyá. Ìyá ń yí téèpù mọ́ ìka. "Ẹ jẹ́ kó máa wò wọ́n," ló wí. "Ó mọ̀ ọ́n ṣe." Ó wọlé, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Onígbàjámọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Irun ẹ ti kún," ló ní. "Wá kí n gé e lọ́fẹ̀ẹ́, kí n má baà ti ìrìnàjò asán dé." Ọmọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ tóun bá ṣe tán. Ó lọ.

Ó ku fóòmù. Òun ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, òun ló ń sẹ́ ìdọ̀tí. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti Ọjọ́rú, nítorí wọn kì í yí gbogbo nǹkan padà fún ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bu omi inú ọpọ́n díẹ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó yọ fóòmù, ó rì í sí i, ó fún un. Omi dúdú jáde, pẹ̀lú ègé búrẹ́dì tó ti rà. Ó dà á sẹ́bàá ògiri. Ó bu òmíràn, ó tún fún un.