Ẹrù Tí Màmá Kò Tú

Tí mo bá gbọ́ ìró síìpù báàgì, màmá lánlọ́ọ̀dù mi ni mo máa ń rántí. Basement ilé wọn ní Cityscape, àdúgbò kan lókè òkun, ni mò ń gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Iléṣà ni Màmá ti wá wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ ọ̀hún ti ń sáré kiri, síbẹ̀ lánlọ́ọ̀dù ò jẹ́ kí Màmá padà sílé, torí owó daycare ti pọ̀ jù. Tí Màmá bá fọ aṣọ ara wọn tán, inú báàgì ni wọ́n máa ń kó o padà sí.

Lánlọ́ọ̀dù á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí snow lọ ná."

"Ṣé snow ló mú páásípọ́ọ̀tù mi dání ni?"

Ní Sunday àkọ́kọ́ nínú Advent, a tan àbẹ́là ní pálọ̀. Wọ́n ní kí Màmá gbàdúrà. Màmá kọjú sí fèrèsé.

"Jésù Olúwa, mò ń retí Rẹ. Ṣùgbọ́n tí O bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, ilé mi ní Iléṣà ni kí O ti bá mi."

Nínú gbogbo wa, ọmọ tí Màmá wá wẹ̀ nìkan ló ṣe àmín.