Orúkọ Tí Ìyá Mi Pè ní Ọ́fíìsì Ìforúkọsílẹ̀

Ọjọ́ tí a lọ gba ìwé ọjọ́ìbí àbúrò mi ní Òmù-Àrán kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Èmi, Bọ́lá, àkọ́bí, ni mo pọn ìkókó. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé bi ìyá mi pé, “Ìyá ìkókó, ọmọ mélòó lẹ ti bí?”

Ìyá mi ní, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, sà.”

Akọ̀wé fi bírò sílẹ̀. “Bí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò ní kọ nǹkan kan.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìkókó figbe ta. Inú bí mi: ta ni kò mọ̀ pé mẹ́ta ni wá? Mo lanu, ìyá mi wò mí, mo pa á dé.

Níkẹyìn ó ní, “N ó pe orúkọ wọn, kí ẹ̀yin kà á. Ayọ̀bámi. Bọ́lá. Fúnmi. Àti èyí tí wọ́n pọ̀n yìí.”

N kò gbọ́ Ayọ̀bámi rí láyé mi.

Akọ̀wé bi í pé, “Ṣé gbogbo wọn wà láàyè?”

Ìyá mi mirí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

A gba ìwé náà, a sì wọkọ̀ padà sílé ní Agbamu. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, èmi ni ọmọ kejì ìyá mi.