Ìkòkò Ìyá Mi àti Ìgbì Inú Ilẹ̀

Amọ̀kòkò ni ìyá mi ní Ìgbẹ́tì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dínámáìtì fọ́ àpáta mábù nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìkòkò tútù tó sá sóòrùn ń sán. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó iṣẹ́ wọn lọ sétí odò, nítòsí ilé wa, kí wọ́n lè jìnnà sí ariwo. Háà! Ibẹ̀ gan-an ni ìkòkò wá sán jù. Wọ́n ní ilẹ̀ ló ń bínú.

Ìlú òyìnbó ni mo wà láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmìtìtì ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà tó gba odindi yàrá, tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. A ó sọ fún un irú ilẹ̀ tó wà níbì kan, á sì ṣírò bí ìgbì ìmìtìtì yóò ṣe gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, orí mi wú. Nínú àpáta, ìgbì ń sáré kọjá wẹ́rẹ́. Tó bá dé ilẹ̀ rírọ̀, á rọra, á wá máa mì í bí ẹ̀kọ inú àwo. Ìyá mi ni mo rántí.

Nígbà tí mo wálé, mo ní kí ó kó ìkòkò gun orí àpáta, lápá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín: wọ́n ní ẹni tí ejò bù jẹ rí a máa sá fún ekòló, àmọ́ èmi ní kí àwọn lọ bá ejò nínú ihò. Inú bí mi, mo sì sọ ohun tí ẹ̀rọ náà fi hàn mí fún wọn: ilẹ̀ rírọ̀ etí odò ló ń mì ju àpáta lọ. Ìkòkò tí ìyá mi fẹ́ tà nígbà Iléyá nìyẹn, ó sì ti pinnu pé bí wọ́n bá tún sán, òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ó rù wọ́n gòkè.

Lọ́sàn-án, dínámáìtì dún. Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ lé àpáta títí ìró náà fi dákẹ́. Ó wá ń fi ìka kan ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Ẹyọ kan kò sán. Nísàlẹ̀ létí odò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣa àpáàdì ìkòkò tiwọn.

"Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó ti dé Ìgbẹ́tì rí?" ni ìyá mi bi mí.

"Kò dé ibí rí, Ìyá. Ìṣirò ló fi mọ̀ ọ́n."

"Súbúhánàllàhi." Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á, ó sì bà mí. Ó wá wo ilé wa létí odò, ògiri rẹ̀ tó ti sán látòkè délẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń sun oorun ọ̀sán.

"Sáré lọ jí wọn," ló wí. "Kó ẹní wọn gòkè wá."