Ìpara Ìwọ̀n Ẹ̀wà Kan, láti Ayétòrò dé Ìlaròó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò ní Ayétòrò, èmi, ìyá mi, àbúrò mi Sàídá àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó pé ọjọ́ méjìlá láyé. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlaròó ni à ń lọ. Ọ̀nà náà kò jìnnà bí mọ́tò bá dára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú dání, gbogbo ọ̀nà ló jìn sí i.

Ibà pọ́njú ló ń ṣe ọmọ náà. Dókítà ti ní kí a máa gbé e wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí bí pípọ́n náà bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì wá, tí ó ní òun ti gbẹ̀bí ju ẹni tó kọ́ ilé ìwòsàn náà lọ, sọ fún wa pé ọmọ tuntun kì í mọ ìrora, igbe lásán ni. Mo fẹ́ bi í léèrè pé ọmọ tuntun wo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Sàídá ti gbé ọmọ rẹ̀ dìde. Ó búra pé kò sẹ́ni tó tún máa fi abẹ́rẹ́ kan án. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró lórí ìbúra yìí, ojú ọmọ sì ń pọ́n sí i.

Èmi ni mo wá ọ̀nà àbáyọ. Mo lọ bá dókítà, ó sì kọ orúkọ ìpara kan fún mi, tó máa ń mú awọ ara kú fún ìgbà díẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kò fi ní dun ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a fi ìwọ̀n ẹ̀wà kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan kí a tó dé, kí a fi ọ̀rá bò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́míìsì mẹ́ta ní Ayétòrò ni kò ní in. Oníṣòwò kan tó ń ná ọjà Ìmẹ̀kọ ló bá mi rà á láti òdìkejì ẹnubodè, Faransé sì ni wọ́n kọ sára rẹ̀ látòkèdélẹ̀. "Crème" ni wọ́n ń pe ìpara. "Nouveau-né" ni ọmọ tuntun. Mo kọ́ Faransé fún sáà méjì ní yunifásítì, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, mo ka ìwé inú páálí náà fún ìyá mi. Mo ṣàlàyé bí iṣan ṣe ń gbé ìrora lọ sínú ọpọlọ, mo tiẹ̀ fi ìka ya á sílẹ̀. Ìyá mi mi orí. Ó ní, "Ìwé wọ̀ ọ́ lára, ọmọ mi." Inú mi dùn.

Sùlé ló wa ọkọ̀. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà ló kọ́kọ́ pè fún àlọ àti àbọ̀, ó sì gba ogún. Okùn ni wọ́n fi so ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ lẹ ra ìpara tí ọmọ ò fi ní mọ abẹ́rẹ́?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi. Ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá àwa awakọ̀ dúró lójú ọ̀nà yìí pọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àyàfi Sàídá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ké bíi tìjọ́sí, ilé ni mò ń gbé e lọ o." Mo ní kò ní ké. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo po ìpara náà.

Ní Ìgbógilà a ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ. Àkàrà wọn tóbi ju ti Ayétòrò lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, bí ìwé àwa ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí a jẹun tán ni mo fún ìpara náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún ọmọ, mo fi ọ̀rá bò ó. Mo kó ìyókù sínú àpò, mo gbé àpò fún ìyá mi.

Nígbà tí a súnmọ́ Ìbèsè, eruku sìmẹ́ǹtì ti sọ ewé ẹ̀bá ọ̀nà di funfun. Tírélà kan dábùú ọ̀nà, òmíràn tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí mi yóò gbé tírélà kúrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ wákàtí kí ọ̀nà tó là. Nígbà tí mo padà, ọmọ ń sùn fọnfọn. Mo yin ara mi.

A kò lọ jìnnà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kí ló ṣe ìka mi yìí? Ó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi."

"Màmá, kí lẹ fi ọwọ́ kàn?"

"Ìpara ọmọ ni. O kán an sí i lọ́wọ́ bí ahun, o wá gbàgbé láti fi para. Mo ti bá ọ fi pa á dáadáa: apá, ẹsẹ̀, àyà, ẹ̀yìn. Ṣé ọwọ́ nìkan ni ìrora ń gbà wọlé?"

Ní ilé tiwa, a kì í fi ìpara sílẹ̀ lára ọmọ ní òkìtì. Bí a bá bu òrí, a ó fi wọ́ ọmọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀ títí yóò fi máa dán. Obìnrin tí kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ni. Ọwọ́ yẹn ni ìyá mi fi wọ́ gbogbo wa dàgbà.

Mo yẹ rọ́bà ìpara náà wò. Ó ti pẹlẹbẹ bí ewé. Mo rántí ìlà kan nínú ìwé Faransé náà: bí ó bá pọ̀ jù lára ọmọ tuntun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ètè rẹ̀ yóò sì dúdú. Mo ti ka ìlà náà. Mo fò ó nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún ìyá mi, torí kò ní iṣan àti ọpọlọ nínú.

Sùlé dúró. A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ inú fúláàsì àti ìborùn Sàídá nu ọmọ náà látòkèdélẹ̀, a wé e, Sùlé sì tẹná. Ọmọ kò ké. Ìdákẹ́ tí mo ránṣẹ́ kọjá ẹnubodè láti rà ló wá ń já mi láyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ètè rẹ̀."

"Ó dà bíi ti àná."

"Báwo ni ti àná ṣe rí?"

N kò mọ̀. Lára ọmọ tí ó ti pọ́n, ta ni yóò mọ àwọ̀ wo ló ń bọ̀? Sàídá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò mira. Sàídá bú sẹ́kún: "Kò mọ̀ ọ́n lára!" Ohun tí mo ṣèlérí gan-an nìyẹn. Ìyá mi na ọwọ́, ó já a léèékánná ní etí, níbi tí òun kò fi ìpara dé. Ọmọ náà lanu, ó sì figbe ta. Sùlé ní, "Alihamudulilai!" Igbe tí a tìtorí rẹ̀ ra ìpara, òun ni gbogbo wa ń dúpẹ́ fún.

Ní ilé ìwòsàn, mo gbé rọ́bà ìpara tó ti pẹlẹbẹ náà fún nọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó so nǹkan oníná pupa kékeré, tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ó ní kí a máa wò ó, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà. Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pípọ́n náà àti nítorí ìpara. Gbogbo wa wo Sàídá.

Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó ní, "Ẹ gún un."

Nọ́ọ̀sì ní kí ó kọ́kọ́ fún un lọ́mú. Ọmọ ń mu ọmú lọ, abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ojú ro, ó dúró díẹ̀, ó tún ń mu ọmú rẹ̀ lọ. Dókítà gbé ẹ̀jẹ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó pupa dáadáa. Ká ní ó dúdú bíi kòkó ni, à bá máa sáré báyìí."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi?"

Nọ́ọ̀sì fà á dìde. "Rárá o, Màmá. Ṣé ẹni tó fún yín ní ìpara kò sọ fún yín pé ẹ má fi wọ́ ọ lára ni?"

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó kàn wò mí, bí ó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá da omi nù ní kékeré.

Wọ́n dá wa dúró síbẹ̀ títí ọ̀sán fi yẹ̀ tán, ètè ọmọ kò yí padà. Èsì àyẹ̀wò ní pípọ́n náà kò tíì dé ibi ewu, ṣùgbọ́n kí a padà wá ní ọ̀túnla. Mo lọ ra ìpara mìíràn ní kẹ́míìsì iwájú ilé ìwòsàn. Ó kún orí pẹpẹ wọn; kò sí ẹnubodè kankan láàárín.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé Ayétòrò. Mo yọ ìwé inú páálí tuntun náà, mo ní kí ìyá mi jókòó kí n kà á fún un, láìfo ìlà kankan. Ó ní kí n dúró ná. Ó wọ yàrá ìdáná lọ, ó mú ẹ̀wà ẹyọ kan jáde, ó dì í mọ́ ìpara náà nínú ọ̀rá, ó sì ta á ní kókó.

"Ìwé tèmi nìyí," ni ó wí. "Kò ní Faransé nínú."