Ìyá Àgbà Inú Yàrá Tútù

Má-fọwọ́-kàn-án, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ni olùtọ́jú sẹ́fà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ ọ́ di agbẹnusọ fún ẹ̀rọ.

Sẹ́fà yìí ni ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni ètò àjọṣiṣẹ́ wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn, tí wọ́n sì ń pe ìpàdé. Yàrá kan tó tutù bíi yìnyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ni wọ́n gbé e sí. Ìkìlọ̀ tí olùtọ́jú náà lẹ̀ mọ́ ọn lára ni wọ́n fi ń pe òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ètò náà béèrè orúkọ. Ó kọ "Ìyá Àgbà," nítorí pé ṣe ni ẹ̀rọ náà ń kùn ṣáá. Ó tún ṣe é kó máa dáhùn lẹ́tà èyíkéyìí pé, "Mo wà o," kí òun lè mọ̀ pé kò tíì kú.

Ọ̀gá tuntun wá dé, ọ̀dọ́kùnrin tó kàwé dáadáa. Ó ní àwọn máa kó gbogbo nǹkan lọ sórí ẹ̀rọ àyálò lókèèrè, kí àwọn pa sẹ́fà. Má-fọwọ́-kàn-án mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pa á niṣẹ́ òun náà tán. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé.

Ọ̀gá kọ̀wé sí gbogbo orúkọ tó wà nínú ètò náà pé ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn kó sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn panu mọ́, àfi Ìyá Àgbà.

"Mo wà o."

Ọ̀gá tún kọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lòdì sí i ni?"

"Mo wà o."

Ọ̀gá sáré lọ bá akọ̀wé rẹ̀. "Ta ni Ìyá Àgbà?"

Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "Sà, ó jọ pé ìyá ẹni tó ni iléeṣẹ́ yìí ni wọ́n. Wọ́n ti wà kí n tó dé."

"Kí ló dé tí n kò rí wọn rí?"

"Wọn kì í jáde, sà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló ránṣẹ́ pe Má-fọwọ́-kàn-án. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ mú mi lọ kí Ìyá Àgbà."

Òótọ́ dé orí ahọ́n bàbá, ó gbé e mì. Ó mú un lọ. Ọ̀gá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé pẹ̀lú ìtẹríba.

"Ẹ káàsán mà." Ó gbójú sókè. "Wọ́n dà?"

"Àwọn nìyẹn, sà."

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ, ó wo bàbá, kò tiẹ̀ rántí nàró. "Mo gbé! Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni iléeṣẹ́ pé n kò ní ṣe ohunkóhun láìgba àṣẹ ìyá wọn!"

"Kí ni wọ́n fèsì?"

"Wọ́n ní mo káre."

Ìyá Àgbà ń kùn.

"Bàbá, títí wọn óo fi gbà fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa wọ́n. Ẹ̀yin lẹ óo máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ìyàwó Má-fọwọ́-kàn-án gbọ́ nílé, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Agbẹnusọ? Ẹ̀yin tí mo ń bẹ̀ kí ẹ tó lanu!"

Ìpàdé lórí ọjọ́ iwájú sẹ́fà yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyá Àgbà ni alága. Níwọ̀n bí wọn kì í ti í jáde, inú yàrá tútù ni wọn yóò ti ṣe é, wọ́n sì ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ súwẹ́tà wá.