Àwọn Ọmọ Tí Ìlọrin Ń Wá

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má fi kún un. Èmi ò lọ sílé ìwé, ọ̀rọ̀ mi ò sì pọ̀.

Iṣẹ́ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ mi ni, ìjọba ló gbà á síṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìlera ní Ìlọrin, ó sì ti di ọ̀gá níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe gan-an. Àwọn ará abúlé wa níbí, lẹ́bàá Òmù-Àrán, á ní kí n bá àwọn gba oògùn ẹ̀yìn ríro lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í. Ó ní òun kì í fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Òun ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láwọn ibi ìtọ́jú ni, òun á wá ibi tó ti ń jò, òun á kọ ọ́ fáwọn ọ̀gá. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti bi mí, mo máa ń ní dókítà iṣẹ́ ni, kì í ṣe dókítà ènìyàn. Ìyẹn tó wọn.

Lọ́dún kan, wọ́n rán an wá síbi ìtọ́jú abúlé wa. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ apá Ṣàárẹ́, Nupe ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò tíì mọ ìṣe wa. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ọmọ tó bá gún lábẹ́rẹ́ kì í sunkún pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ wúwo. Ìwé tó ń kọ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, wọn ò padà wá gba èkejì. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n gba èkejì, tí ẹnikẹ́ni ò rí orúkọ wọn níbi àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀gá Ìlọrin ní irọ́ ni, pé ọmọ tí kò sí ni nọ́ọ̀sì ń kọ sínú ìwé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé e, wọ́n á sì ti ibẹ̀ pa. Àwọn ìyá á wá máa gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán.

Ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà àti ìwé ńlá náà wá sílé mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bá mi dá sí i o. Abúlé mi ni, mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ bá ọ dá sí i?"

Ọjọ́ méjì ló fi wá àwọn ọmọ náà láti ilé dé ilé. Tó bá pe orúkọ, àwọn ìyá á ní kò sí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ ti wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ọmọ mi ń kà á jáde.

"Akọ̀wé, kò sí. Eyínfúnjowó, kò sí. Ọkọ-Mi-Kékeré, kò sí."

Nọ́ọ̀sì ní, "Wàláì, mo gún wọn. Ohun tí wọ́n bá pe ọmọ ni mo ń kọ."

Mo ń pa ẹ̀pà lọ́wọ́. Mo dáwọ́ dúró. "Ta ló gbé Akọ̀wé wá?"

"Ìyàwó tuntun kan báyìí, tó ní èjí lẹ́nu."

Mo yíjú sí ọmọ mi. "Kí lò ń pe àbúrò ọkọ rẹ, èyí tó ń tún mọ́tò ṣe?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la ń sọ o."

"Kí lò ń pè é?"

"Adúmáadán."

"Ṣé òun ló wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀?"

Ó ju bírò sílẹ̀.

A wá ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó wà lórí ẹní lọ́jọ́ tó wọlé. Yóò sọ ọ́ lórúkọ tó wù ú. Tí ìyá ọmọ bá na ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ìyàwó kékeré bá pọn ọmọ lọ síbi abẹ́rẹ́, ṣé torí nọ́ọ̀sì ni yóò fi pe orúkọ ọkọ rẹ̀? Lóṣù kejì ìyá àgbà á gbé e lọ, oríkì ni tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀ gan-an á dé pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Káàdì ọmọ ńkọ́? Ìyá ti tì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí kó má baà sọnù.

Nọ́ọ̀sì di orí mú. "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ọmọ mi ránṣẹ́ sílé kọ̀ọ̀kan: kí ìyá ọmọ, ìyá àgbà àti ìyàwó kékeré jọ wá síbi ìtọ́jú, kí wọ́n gbé ọmọ dání. Èmi náà lọ jókòó síbẹ̀. Wọ́n gbé Akọ̀wé dé. Ìyá àgbà kan ní, "Akọ̀wé tí ìjọba ń wá nìyí? Tí ò tíì hu eyín!" Ìyàwó tuntun náà fi etí ìborùn bojú.

Ọmọ mi ní, "Ìyàwó, kí ni orúkọ ọmọ yìí gan-an?"

"Ẹ bi ìyá wọn, mà. Ẹnu mi ò gbé e."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Orí ìlà mẹ́ta ni wọ́n ti rí Akọ̀wé nínú ìwé, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn tó kù ti bá òbí wọn lọ sí Agbamu, ọmọ mi sì tọ̀ wọ́n lọ. Ohun tó kọ fáwọn ọ̀gá rẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì ò jẹ̀bi, ìwé ni ò béèrè tó: kí wọ́n máa bi ẹni tó bá gbé ọmọ wá léèrè ìyá ọmọ àti agboolé rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè orúkọ.

Mi ò sọ fún un pé inú mi dùn. Iṣu tó fẹ́ràn ni mo dì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé láti Ìlọrin. Nọ́ọ̀sì mú un wá bá mi láàárọ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, àlìhámúdúlílà, wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Mo ní, "Dìde. Àwọn ìyá ti ń dúró dè ọ́."

Ó sáré padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ àkọ́kọ́ fi igbe ta níbi ìtọ́jú, òmíràn gbà á. Mo fa àga mi jáde síta, mo jókòó, mo ń gbọ́ wọn.